Nítorí Ẹ̀bẹ̀ Tí Àwọn Ọdẹ Ìdó-Ilé Rán Sí Ọ

Ìjerò-Èkìtì,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Dípọ̀ ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ti rí ẹni tí yóò máa bá ọ fọṣọ, àbí ẹ̀wù kan náà ni o ṣì ń wọ̀ lọ síléèwé láti Ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́rú. Mo ti jíṣẹ́ rẹ̀. Tèmi ló kù.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni gbólóhùn kan tí o sọ lórí fóònù lánàá. O ń ròyìn ọdẹ tí ẹ dẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn fún mi, inú mi sì ń dùn, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín lẹ́nu ọmọ tí mo bí. O ní Bàbá Ayọ̀, tó jẹ́ àgbà nínú àwọn ọdẹ mẹ́ta tí wọ́n ń mú ọ lọ sí igbó láti ìgbà tí o ti lọ ń kọ́ni ní Ìdó-Ilé, fi ọ́ sí ibùba kan lẹ́bàá odò pé kí o dúró síbẹ̀ títí àwọn ajá yóò fi lé ẹran wá. O wo ilẹ̀, o wo afẹ́fẹ́, ibùba náà kò tẹ́ ọ lọ́rùn. O kúrò níbẹ̀, o lọ gun igi kan tí ìwọ fúnra rẹ yàn. Àgbọ̀nrín gba ibi tí o fi sílẹ̀ kọjá. Bàbá Ayọ̀ jágbe mọ́ ọ lójú gbogbo wọn, ó ní alákọ̀wé tí kò mọ ẹsẹ̀ ẹran yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ni ọ́. Inú bí ọ, o gbé ìbọn rẹ, o lọ sílé.

Títí dé ibẹ̀, n kò rí ohun tó burú jù. Àwọn ọdẹ a máa jágbe mọ́ra wọn. Lẹ́yìn náà ni o wá sọ ọ́ gẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀, pé, "Bàbá Ayọ̀ ti rán ènìyàn wá bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì, Dádì. Mo ní mo ti gbọ́."

Mo ní ṣé ìwọ yóò bá wọn lọ ní Sátidé. O ní rárá, pé ọ̀nà wọn àti ọ̀nà rẹ kò papọ̀, pé wọ́n ń pariwo, wọ́n ń fi ajá da igbó rú, ìwọ sì fẹ́ràn kí o gun igi, kí o dákẹ́, kí o dúró. O ní o kúkú lè máa dá ṣe tìrẹ.

N kò dá ọ lóhùn, àbí? Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, "Ẹ̀n, Dádì, ẹ̀n, Dádì" ni ìwọ yóò máa wí títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀, awakọ̀ tó ń ná Òkèmẹ̀sí ni yóò bá mi mú un wá fún ọ. Jókòó, kí o kà á tán. Ọ̀rọ̀ ẹran tó bọ́ kọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Wọ́n ti bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò ní í bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Bí Sátidé yìí bá kọjá, àwọn àgbà mẹ́ta yẹn yóò máa kí ọ dáadáa lójú ọ̀nà, wọn yóò máa béèrè iṣẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n o ti pàdánù wọn nìyẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí èmi náà ti sọ "mo ti gbọ́" rí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo jáde ní yunifásítì tí wọ́n sì gbé mi lọ sí Ìkòrò láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àti jọ́gíráfì. O mọ ìyẹn. Ohun tí n kò sọ fún ọ rí ni pé ọ̀rẹ́ méjì péré ni mo ní níbẹ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi nínú wọn. Ọ̀kan ni Bàbá Alájá, àgbẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó sì ní ajá ọdẹ mẹ́rin. Èkejì ni Ẹ̀gbọ́n Làmídì, ọmọ Ìkìrun tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ìkòrò, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe lẹ́bàá ọjà. Àwọn ni wọ́n sọ mí di ọdẹ. Nínú ọyẹ́, ní àárọ̀ Sátidé, Ẹ̀gbọ́n Làmídì á gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi kọjá, á tẹ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, èmi á sì jáde. Mo ti gbọ́ dùùrù ní oríṣiríṣi ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà náà. N kò tíì gbọ́ èyí tó dùn tó agogo yẹn.

Èkíní nínú àṣìṣe mi kéré, ó sì pani lẹ́rìn-ín. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá wọn lọ, mo fi ọṣẹ olóòórùn dídùn wẹ̀, mo da páúdà sí abíyá, mo ya irun mi. A dé etí igbó, Bàbá Alájá gbé imú sókè, ó rìn yí mi ká lẹ́ẹ̀kan.

"Làmídì, ta ló ń gbéyàwó lónìí?"

"N kò mọ̀ o, Bàbá. Kí ló dé?"

"Mo ń gbóòórùn ìyàwó."

Ẹ̀gbọ́n Làmídì rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Bàbá já ewé imí-eṣú, ó rún un mọ́ erùpẹ̀, ó ní kí n fi ra ara. Mo kọ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé iwájú wa ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, pé òórùn mi kò lè dé imú ẹran kankan.

"Òótọ́ ni," Bàbá wí. "Afẹ́fẹ́ inú ìwé kì í yí padà. Ti ibí a máa yí tí oòrùn bá gòkè."

Oòrùn gòkè, afẹ́fẹ́ yí padà. Ọ̀kẹ́rẹ́ lásán pàápàá, a kò rí i lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, bí àgbà bá ń ṣe ohun tó dà bí àwàdà lójú rẹ, ṣe é ná kí o tó béèrè. Ìbéèrè ẹni tí erùpẹ̀ wà lára rẹ̀ kì í bí àgbà nínú. Ti ẹni tó fi páúdà sára ni wọ́n ń kà sí àfojúdi.

Èkejì ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà.

Ní Sátidé kan láàárín Ìkòrò àti Ìlọrọ̀, àwọn ajá lé akọ àgbọ̀nrín kan jáde. Bàbá Alájá yin ìbọn ṣakabùlà rẹ̀. Ọta bá ẹran náà ní ìhà, ṣùgbọ́n kò ṣubú. Ó fo igi wíwó kan, ó wọ igbó lọ. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí ewé, pupa yòò, mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Bàbá súfèé pe àwọn ajá, ó so wọ́n mọ́gi, ó jókòó sórí gbòǹgbò kan, ó mú iṣu sísun jáde nínú àpò.

"Tíṣà, jókòó jẹ uṣu."

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ rèé! Ẹran ń lọ!"

"Kó máa lọ. Bí kò bá gbọ́ ẹsẹ̀ wa, yóò dùbúlẹ̀ níbi tí ara bá ti ń ro ó. Bí ó bá gbọ́ wa, ẹ̀rù ni yóò máa gbé e rìn, kì í sì í rẹ ẹ̀rù."

"Títí di ìgbà wo la ó fi jókòó?"

"Títí uṣu yóò fi tán."

Ẹ̀gbọ́n Làmídì wo inú àpò náà. "Tíṣà, wá nǹkan fẹ̀yìn tì. Uṣu Bàbá pọ̀ o."

Wọ́n rò pé n óò rẹ́rìn-ín. Èrò tó wà lọ́kàn mi ni pé ó ti rẹ bàbá arúgbó yìí, kò sì fẹ́ kí a mọ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lórí gbòǹgbò, mo tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹran náà dìde níwájú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ bó ṣe ń já igbó, n kò rí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó sọdá odò, ó gun òkè, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lórí ewé, nígbà tó yá kò sí mọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Èmi rí ẹ̀kọ, n kò wo abẹ́ ewé.

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó padà. Bàbá ti dé etí odò, ó ti rí ibi tí ẹran náà kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sí, kò ju ìwọ̀n pápá bọ́ọ̀lù kan lọ sí gbòǹgbò tí wọ́n jókòó lé. Koríko ibẹ̀ ṣì tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó ṣe rí mi, ó ní, "Bí ọmọ tí kò ní baba tí yóò mú un dé oko ṣe máa ń ṣe nìyí."

Dípọ̀, o mọ̀ pé ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí baba mi kú. Bàbá Alájá kò mọ̀. Mo yí ẹ̀yìn padà, èmi nìkan fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìkòrò.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, mo jókòó sórí àga níwájú ilé, mo ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Bàbá Alájá ń bọ̀ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó dì í mú lọ́wọ́. Ó ní, "Tíṣà, mo wá nítorí ọ̀rọ̀ àná. Làmídì ló sọ fún mi pé baba rẹ ti lọ tipẹ́. Ká ní mo mọ̀, n kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Má bínú sí mi."

N kò dìde lórí àga. N kò tilẹ̀ gbé bírò pupa náà sílẹ̀. Mo ní, "Ó dáa, Bàbá. Mo ti gbọ́."

Ó dúró díẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn ni. Lẹ́yìn náà ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, n kò gbọ́ agogo. Mo ní bóyá ọdẹ kò sí. Sátidé kejì, bákan náà. Ní ìkẹta, mo ti múra, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sì gbọ́ agogo náà lókèèrè, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n Làmídì níbi iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò pè mí mọ́."

"Kẹ̀kẹ́ mi ló bàjẹ́."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń tún kẹ̀kẹ́ gbogbo ìlú ṣe?"

Ó gbé sípánà sílẹ̀, ó nu ọwọ́. "Ó dáa, jẹ́ kí n sọ ọ́. Bàbá ò bínú sí ọ. Ká ní wọ́n ń bínú ni, ì bá rọrùn. Ojú ló ń tì wọ́n. Àgbà gbé fìlà lọ́wọ́ wá bẹ̀ ọ́, ìwọ jókòó, o gba ẹ̀bẹ̀ bí ẹni gba owó orí! Ta ló fi ibùdó sílẹ̀ lọ lé ẹran? Ìwọ ni. Ó yẹ kí o fò dìde, kí o ní, 'Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí, èmi ni mo ṣẹ̀ yín.' Ohun tí wọ́n dúró dè nìyẹn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọ kí o gba ibẹ̀ wọlé ni. O tì í mọ́ wọn lójú."

Ọmọ mi, ìwé pọ̀ lórí mi nígbà náà, n kò sì mọ èyí. Bí àgbà ilẹ̀ wa bá bẹ ọmọdé, kì í ṣe pé ó ń san ohun tó jẹ ẹ́. Ó ń fún ọmọdé láyè kí òun náà lè bẹ̀bẹ̀ láìtẹ́. Ọmọ tó bá gba ẹ̀bẹ̀ náà tó sì fi sápò ti fi àgbà sílẹ̀ ní ìhòòhò. Bàbá Ayọ̀ ti jágbe mọ́ ọ, kò ṣe dáadáa, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló fi ránṣẹ́. Ìwọ tí o kúrò ní ibùba ńkọ́? Ta ni o rán?

Mo lọ bá Bàbá Alájá lóko ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gẹ́ ló ń bó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú èèpo.

"Dìde, dìde. Ṣòkòtò ìjọba lo ń bà jẹ́ yẹn."

Ó ju ọ̀bẹ kan sí mi. A jọ bó ẹ̀gẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú díẹ̀díẹ̀, kò sí ẹni tó dárúkọ àgbọ̀nrín. Nígbà tó di Sátidé, agogo dún lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo tún fi bá wọn ṣọdẹ, títí wọ́n fi gbé mi lọ sí Adó, mo sì máa ń sọ fún ìyá rẹ pé àwọn ọdún yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ gíga mi kejì. Ó ní kí n yé fi ẹran ìgbẹ́ wé yunifásítì.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe àṣìṣe, ẹ̀kọ́ ni: bí wọ́n ṣe ń pín ẹran. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí mo lọ bẹ Bàbá, a pa àgbọ̀nrín kan. Bàbá tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì pín ẹran náà sí ọ̀nà márùn-ún. Mo wo ara wa, mẹ́ta ni wá.

"Bàbá, ta ló ni ìkẹrin?"

"Olóko kòkó tí a gba oko rẹ̀ kọjá."

"Ìkarùn-ún ńkọ́?"

"Ẹni tó kọ́ mi lọ́dẹ. Orúnkún ò jẹ́ kó jáde mọ́, Ìlọrọ̀ ló wà. Ìwọ ni yóò gbé e lọ fún un."

"Òun náà ló kọ́ yín bí ẹ ṣe ń fi ajá dẹ ẹran?"

Ẹ̀gbọ́n Làmídì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní, "Èwo! Kò fẹ́ kí a dárúkọ ajá sétí òun. Orí igi lòun ń gùn. Ogún ọdún la fi jà lórí ẹ̀."

Mo gbé ẹran náà lọ sí Ìlọrọ̀. Bàbá arúgbó náà tú ewé, ó fi ìka tẹ ẹran, ó yí ojú. "Ajá ló tún lé èyí. Ẹran tí ajá bá sá kiri kì í rọ̀. Ẹ ẹ̀ ní gbọ́n láéláé." Lẹ́yìn náà ló kígbe pe ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé ìkòkò kaná, ó sì bi mí bí ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe le tó, bóyá ikọ́ rẹ̀ ti lọ, bóyá ó ṣì ń kọrin.

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà tó jẹ nínú igbó, kò ní í fún ẹnìkan lẹ́ran jẹ. Àwọn méjèèjì yìí kò gbà fún ara wọn lórí ọ̀nà tó dáa jù títí ikú fi dé, ẹran kò sì fi ìgbà kan ṣaláì rìn láàárín Ìkòrò àti Ìlọrọ̀. Nítorí náà, má sọ fún mi mọ́ pé ọ̀nà yín kò papọ̀. Kò pọn dandan kó papọ̀. Igi tí o fẹ́ràn láti máa gùn dára, ìwọ náà lè lọ gùn ún ní ọjọ́ tìrẹ, kí o sì gbé itan lọ fún Bàbá Ayọ̀ tí o bá pa nǹkan. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tiwọn, ibùba tí wọ́n bá fi ọ́ sí ni kí o wà. Bí ẹnì kan bá kúrò láyè rẹ̀, ihò ló dá sára ọgbà.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí o tìtorí ọ̀wọ̀ dákẹ́ lé lórí. Ẹ̀gbọ́n Làmídì a máa so ìbọn tó ti ki mọ́ ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹnu ìbọn á sì kọjú sí ẹni tó bá ń rìn lẹ́yìn. N kò sọ ọ́ lójú Bàbá. Mo dúró títí ó fi ku àwa méjì, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ìyá mi kò ní ọmọkùnrin mìíràn." Ó wò mí, ó tú ẹ̀tù inú rẹ̀ dànù, kò sì ki ìbọn mọ́ kó tó dé inú igbó. Bí ohun tí wọ́n ń ṣe bá lè pa ènìyàn, sọ ọ́, kí o sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹran nìkan ló lè mú kó bọ́, fi sílẹ̀.

Nísinsìnyí, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Bí o bá jáde níléèwé ní Ọjọ́bọ̀, lọ sí ilé Bàbá Ayọ̀. Má mú ẹnikẹ́ni dání, má gbé ẹ̀bùn lọ, kí wọ́n má baà rò pé ìtanràn lo wá san. Dọ̀bálẹ̀. Má sọ pé "bí mo bá ti ṣẹ̀ yín." O ti ṣẹ̀ wọ́n. Sọ pé, "Bàbá, mo kúrò níbi tí ẹ fi mí sí," kí o sì dákẹ́ síbẹ̀. Má mẹ́nu ba afẹ́fẹ́. Má mẹ́nu ba ilẹ̀. Bí wọ́n bá tún fi ẹsẹ̀ ewúrẹ́ bú ọ, rẹ́rìn-ín, nítorí àgbà tó bá ti ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ti gbà ọ́ padà. Bí wọ́n bá sì fún ọ ní iṣẹ́ kan ṣe, ṣe é tán kí o tó lọ sílé.

Mo mọ̀ pé yóò ṣòro. Ọmọ mi ni ọ́, mo mọ ibi tí o ti rí orí líle. Mo ń bẹ̀ ọ́.

Má ṣe ìyọnu láti fèsì lẹ́tà yìí. Ní àárọ̀ Sátidé, bí ó bá ti di aago méje, n óò pe fóònù rẹ. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń pa á kí ẹ tó wọ igbó. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, má gbé e.

Èmi ni,
Baba rẹ.